"Níbo Lèyí Wà Nínú Bíbélì?": Bí Ìtàn Ìwé Mímọ́ Ṣe Ń Di Kátúùnù Ọmọdé

Ẹ fi kátúùnù Bíbélì han àwọn ọmọdé ní ìjọ, ì báà jẹ́ ní Ṣágámù, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àgbàlagbà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dìde béèrè ṣáá ni pé, "Níbo lèyí wà nínú Bíbélì?" Ìyàwó Nóà ń ráhùn pé ariwo ẹranko kò jẹ́ kí òun sùn: níbo ló wà? Ọmọ kékeré kan ń bá Dáfídì ru oúnjẹ lọ sójú ogun: níbo ló wà? Ràkúnmí tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn òbí kan á ní ká pa tẹlifíṣọ̀n, pé wọ́n ń ba Ìwé Mímọ́ jẹ́. Àwọn mìíràn á ní kátúùnù ṣáà ni, ẹ jẹ́ kọ́mọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń bá àwọn ọmọ ìjọ wa ní Rẹ́mọ wo fíìmù wọ̀nyí, tí mo sì máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbìyànjú láti ṣe tiwọn jókòó, mo rò pé ìbéèrè yẹn dára. Ibi tí a ń béèrè ẹ̀ sí ni kì í sábà tọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Nóà. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 6 títí dé orí 9, kí ẹ wá gbólóhùn kan péré tó ti ẹnu Nóà jáde kí ìkún omi tó dé, tàbí nígbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ẹ ò ní rí i. Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀; Nóà kàn ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Omi á fà, ọkọ̀ á gúnlẹ̀, Nóà á gbin ọgbà àjàrà, á mu wáìnì yó, á sùn, á jí, ìgbà yẹn gan-an ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ní orí 9 ẹsẹ 25, èpè ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀, áḿbọ̀ǹtórí kó sọ ohun tó wí.

Ẹni tó ń ka ìwé lè fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹni tó ń ya àwòrán ò lè fara mọ́ ọn. Kí ó tó fi Nóà hàn fún ìṣẹ́jú kan, ó ti di dandan kó mọ irú aṣọ tí Nóà wọ̀, bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe gùn tó, ọwọ́ tó fi di òòlù mú, àwọn tó dúró ń wò ó, bí ojú ọ̀run ṣe rí, àti bóyá ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tàbí ó fajú ro. Jẹ́nẹ́sísì kò sọ ọ̀kankan níbẹ̀. Bí ayàwòrán kò bá sì fẹ́ fi ohunkóhun kún un, ohun tí yóò kù fún ọmọ ọdún mẹ́fà láti wò ni bàbá arúgbó kan tó ń kan pákó láìsọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ wo ló máa jókòó?

Nítorí náà, ti pé ìyàwó Nóà sọ̀rọ̀ kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Lórí ọkọ̀, Ìwé ò dákẹ́ rárá. Orí 6 ẹsẹ 15 fún wa ní ìwọ̀n: gígùn rẹ̀ 300 ìgbọ̀nwọ́, fífẹ̀ rẹ̀ 50, gíga rẹ̀ 30. Ìgbọ̀nwọ́ kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, èyí ni pé ọkọ̀ náà gùn tó nǹkan bíi mítà 135, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo kátúùnù àti ìwé àwòrán ọmọdé tó pọ̀ jù: ọkọ̀ kékeré kan tó rí kóróbótó, ọrùn àgùnfọn yọ lójú fèrèsé, erin jókòó sórí òrùlé. Ọmọ tó bá dàgbà pẹ̀lú àwòrán yìí ló máa ń béèrè tó bá di géńdé pé báwo ni gbogbo ẹranko ṣe wọ inú ọkọ̀ bí èyí. Ibi tí Ìwé ti dákẹ́, ayàwòrán gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí Ìwé ti sọ̀rọ̀, ta ló ní kó yí i padà? Ibẹ̀ ló yẹ kí àwa àgbà máa sọ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú, àwa fúnra wa ló sì ń fà á. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí a gbà pé ó wà nínú Bíbélì, kò sí níbẹ̀. Mátíù orí 2 kò sọ pé mẹ́ta ni àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn. Ẹ̀bùn ló jẹ́ irú mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá. Ẹsẹ 11 sì sọ pé inú ilé ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n ti rí ọmọ náà. Ibùjẹ ẹran wà nínú Lúùkù, pẹ̀lú àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Lúùkù kò dárúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Màríà gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí onílé èrò kankan tó yọjú sọ pé àyè ò sí. Èso ni Jẹ́nẹ́sísì pe ohun tí Éfà jẹ, kò pè é ní ápù. Síbẹ̀, bí kátúùnù kan bá fi amòye márùn-ún hàn, tó sì mú wọn wọ inú ilé lọ bí Mátíù ti sọ, àwọn tó máa kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n ti ba Bíbélì jẹ́ ni àwa tí a ti ń fi amòye mẹ́ta àti ibùjẹ ẹran ṣe eré Kérésìmesì láti kékeré.

Bí ẹ bá ń wo fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló dà pọ̀ síbẹ̀: èyí tí Ìwé sọ, èyí tí àṣà ìjọ ti fi kún un láti ọ̀pọ̀ ọdún, àti èyí tí ẹni tó ṣe fíìmù náà ronú kàn. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn kì í fi èyí pa mọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ DreamWorks ní Amẹ́ríkà gbé The Prince of Egypt jáde lọ́dún 1998, èyí tó dá lórí Mósè, wọ́n kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà pé àwọn ti lo òmìnira oníṣẹ́ ọnà, àti pé inú ìwé Ẹ́kísódù ni ìtàn gan-an wà. Gbólóhùn díẹ̀ péré, kò ba adùn fíìmù jẹ́.

Ìtàn kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló yẹ kó ti kọ́kọ́ di kátúùnù, ìyẹn ni ìtàn ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, ní 1 Àwọn Ọba orí 10. Gbogbo ohun tó lè da ẹni tó ń ṣe fíìmù láàmú ló pé sínú rẹ̀. Bíbélì sọ pé ó wá pẹ̀lú ràkúnmí, olóòórùn dídùn, òkúta iyebíye, ó sì fún ọba ní 120 tálẹ́ńtì wúrà. Ó sọ pé ó fi ìbéèrè tó ta kókó dán ọba wò. Kò sọ ìbéèrè kankan nínú wọn. Kò dárúkọ obìnrin náà. Kò sọ bí ó ṣe rí.

Ní Òkè-Ẹ̀rí, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á sọ fún yín pé ayaba yìí gan-an ni Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìjẹ̀bú, pé òun ló sì ni Erédò, yàrà àti ògiri amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160, tí ibòmíràn rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń lọ síbi ibojì rẹ̀. Al-Kùránì náà sọ ìtàn ayaba yìí nínú Súrà An-Naml, kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onítúmọ̀ ló ń pè é ní Bilqis. Àwọn tó fi ìmọ̀ ìwalẹ̀ wádìí Erédò ní tiwọn sọ pé ó fi ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kéré sí ayé Sólómọ́nì.

Báwo ni ẹni tó ń ṣe kátúùnù yóò ṣe ṣe èyí? Ojú tí mo fi wò ó nìyí. Bó bá fẹ́ fi Erédò hàn gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ayaba ti gbéra, kó fi í hàn. Ẹwà ni fún ọmọ Ìjẹ̀bú láti rí yàrà tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ẹnu ìyá àgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde nínú fíìmù, pé "àwọn bàbá wa sọ pé", kó má ṣe jẹ́ ohùn asọ̀tàn tó ń ka Bíbélì ni yóò sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn méjì yìí ju bí a ṣe rò lọ. Ní ti ìbéèrè tó ta kókó, ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti ní ohun tí ẹlòmíràn ò ní. Kí ayaba pa àlọ́ fún Sólómọ́nì! "Awẹ́ obì kan, à ń jẹ ẹ́ dọ́yọ̀ọ́: kí ni o?" Ọba á ronú, àwọn ìjòyè á máa wo ara wọn lójú, àwọn ọmọ tó ń wo fíìmù á ti pariwo "Ahọ́n!" kí Sólómọ́nì tó lanu. Kò sí àlọ́ yìí nínú 1 Àwọn Ọba. Ṣùgbọ́n kò tako ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó sì gbé ohun tí orí yẹn fẹ́ kí a mọ̀ jáde, pé obìnrin náà kò wá síbẹ̀ láti wá jókòó lásán, ó wá dán ọgbọ́n wò.

Ìpànìyàn àti ẹ̀jẹ̀ tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Bíbélì kì í ṣe ìwé ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 17, òkúta Dáfídì kọ́ ni òpin Gòláyátì. Ní ẹsẹ 51, Dáfídì sáré lọ dúró lé e lórí, ó fa idà òmìrán náà yọ, ó bẹ́ ẹ lórí. Ọ̀pọ̀ kátúùnù á jẹ́ kí Gòláyátì ṣubú, erukú á sọ, àwọn ọmọ ogun á hó yè, ó parí. Èmi rí i pé èyí tọ́ fún ọmọ tí kò tíì lo ọdún mẹ́jọ. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, a lè jẹ́ kí wọ́n rí òjìji idà lára òkè, tàbí ojú àwọn ọmọ ogun Fílístínì bí wọ́n ṣe ń sá. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n yí òpin padà, kí Gòláyátì jí, kó tọrọ àforíjì, kí òun àti Dáfídì dọ̀rẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀. Ìtàn mìíràn nìyẹn, kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.

Lórí Dáfídì kan náà, ẹ jẹ́ n sọ ti kànnàkànnà rẹ̀. Nínú àwọn àwòrán ìpìlẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kan yà, Dáfídì di kátápọ́ọ̀tù onírọ́bà mú, igi ẹlẹ́ka méjì, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ nídìí máńgòrò. Rọ́bà ò tíì dé ilẹ̀ Ísírẹ́lì nígbà yẹn. Kànnàkànnà tiwọn jẹ́ awọ pẹlẹbẹ pẹ̀lú okùn méjì: wọ́n á fi òkúta sínú awọ, wọ́n á di okùn méjèèjì mú, wọ́n á fì í yí lókè orí, wọ́n á sì jọ̀wọ́ okùn kan kí òkúta lè fò lọ. Nínú kátúùnù, ìyàtọ̀ ńlá ni. Kátápọ́ọ̀tù á mú kí Dáfídì dúró sójú kan, kó di ojú kan. Kànnàkànnà á mú kó máa sáré, kí apá máa yí, kí atẹ́gùn máa dún wùù. Ẹsẹ 48 sì sọ pé ó sáré.

Báyìí ni iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Kò sí àwòrán tó ń rìn. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ àwòrán 14,400. Àwọn tó ń fọwọ́ yà á sábà máa ń ya 12, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ṣì jẹ́ 7,200. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí fi ń ya Dáfídì lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á ge apá, ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ sí oríkèé nínú kọ̀ǹpútà bí ọmọlángidi, kí wọ́n lè máa gbé e. Blender, ètò kọ̀ǹpútà kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè ṣe é. Iná mànàmáná àti sùúrù ni wọn kì í pín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohùn ló ń ṣáájú. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ṣókí-ṣókí tó máa tọ́ iṣẹ́ sọ́nà, èyí tí wọ́n ń pè ní storyboard, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba ohùn àwọn tó máa sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa ya ẹnu. Níbí ni Yorùbá ti ń yọ ẹni tí kò múra sílẹ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti máa mọ bí ẹnu ṣe ń rí, ó lè rí "gbogbo", kó rò pé "g" ni, kó fi ẹnu Sólómọ́nì sílẹ̀ ní yíyà. Ẹ pe "gbogbo" fúnra yín kí ẹ wo dígí: ètè méjèèjì pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ń wo fíìmù ò ní lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe òun, á ṣáà mọ̀ pé ẹnu ọba yìí ń sọ nǹkan mìíràn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, wọ́n á fọwọ́ yan ẹnu pípadé sí gbogbo "gb", "p", "b" àti "m". Orin náà bẹ́ẹ̀: bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ Nóà á di ọkọ́ Nóà. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ orin tuntun tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, dípò kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá gun orí orin Òyìnbó.

Àwọn kan ń béèrè bóyá kí wọ́n fi èdè Ìjẹ̀bú ṣe é pátápátá. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ Ìbàdàn ò ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ohun tó máa ń tẹ́ mi lọ́rùn ni kí asọ̀tàn sọ Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́, kí àwọn àgbà inú ìtàn sì máa sọ ti ilé. Ní 1 Sámúẹ́lì 17 ẹsẹ 55, Sọ́ọ̀lù bi Ábínérì pé ọmọ ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí Sọ́ọ̀lù yí ojú padà, kó ní, "Ọmọ yèsí rèé?" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ọ̀rọ̀ Bíbélì kan tó ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ńkọ́? Agbo ilé púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń gbé, tí Nóà ọmọ kan jẹ́ Núhù lẹ́nu ọmọ kejì. Bí ẹ bá ń fi iná ju fíìmù sára ògiri níta, àwọn ọmọ méjèèjì ló máa wá jókòó. Ọ̀pọ̀ àáfà ló sì gbà pé kò yẹ kí a ya ojú àwọn ànábì. Ìyẹn kò ní kí ẹ má ṣe fíìmù yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn òbí wọn, kí wọ́n pinnu fúnra wọn.

Ti òfin ló kù, ó sì ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtàn Bíbélì kò ní olówó. Ìtumọ̀ ló máa ń ní. Bíbélì Yorùbá àtijọ́, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó pé odindi lọ́dún 1884, ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ tipẹ́. Crowther kú lọ́dún 1891, òfin Nàìjíríà tọdún 2022 sì sọ pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé dúró fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìtumọ̀ tuntun sínú fíìmù ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá máa tà á tàbí ẹ máa fi í hàn ní gbangba, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, gbọ́dọ̀ wò ó kó sì sọ ọjọ́ orí tó tọ́ sí. Bó bá jẹ́ YouTube lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ti ọmọdé ni. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ti fi dandan lé e: wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi ìpolówó tó ń tọ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wò ó sí i, nítorí náà owó tó ń wọlé kì í tó ti fíìmù àgbà.

Orin ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Orin ìsìn àtijọ́ lè ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo olówó, ṣùgbọ́n akọrin tó gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní ẹ̀tọ́ sórí ohùn tó gbà sílẹ̀ yẹn. Ẹ má gé e látinú fóònù. Ẹ pe ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín jọ ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tún un kọ, kí ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù wọn fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda ohùn wọn.